Ọwọ́ Ìbídùn Nínú Akèrègbè Ọba Máfọwọ́kàn

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín. Ẹ nà wọ́n síwájú. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ abíyá, kó yọ ọ́, torí ìtàn ọwọ́ ni mo fẹ́ sọ, ìbẹ̀rù sì kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Bí àyà yín bá já, ẹ di ara yín mú. Bí mo bá kọrin, ẹ gbè é. Ẹni tí kò bá gbè é, òun ni yóò pọn omi mi lọ́la, odò wa sì jìnnà.

Ọdẹ kan wà ní abúlé Olókùúta tó ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn ọdẹ ìsinsìnyí tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń yọ ṣùtì sí, ẹ má fi wọ́n wé e o. Ọdẹ́jìnmí bá ẹfọ̀n pàdé lójú ọ̀nà tóóró, ẹfọ̀n ló yà fún un. Bó bá wúkọ́ láàárọ̀, adìyẹ á sá wọ abẹ́ àká. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbóyà tó nínú igbó, ohun kan ń dà á láàmú nílé: àwọn ọmọdé.

Ní ọdún kan, ìjì gbé òrùlé ilé ẹ̀kọ́ abúlé lọ. Tíṣà Ògúndélé, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ẹfun kì í wọ́n lára ẹ̀wù rẹ̀, bẹ Ọdẹ́jìnmí pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì òun máa pàdé lábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ọdẹ gbà. Àwọn ọmọ náà jẹ́ mọ́kànlá, Ẹgbẹ́ Fọwọ́kàn-án-wò ni wọ́n sì ń pe ara wọn. Wọ́n to ìgò, yanrìn, ìṣó, àbẹ́là àti ike sórí tábìlì kan, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí o bá sọ fún wọn pé iná ń gbóná, wọ́n á bi ọ́ pé báwo ló ṣe gbóná tó.

Lónìí wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ìgò òfìfo títí ìgò á fi máa ké hùùù bí ẹranko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Ọdẹ́jìnmí kò ní rí oorun ọ̀sán sùn. Lọ́la wọ́n á ju ẹyin sínú omi, ẹyin á rì. Wọ́n á sáré wọ ilé ìdáná, wọ́n á bu iyọ̀ Àṣàbí, ìyàwó ọdẹ, ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́, wọ́n á rò ó pọ̀ mọ́ omi náà, ẹyin á sì léfòó. Wọ́n á hó yèè. Àṣàbí á gbé orógùn jáde sí wọn:

“Ẹyin yín léfòó, ọbẹ̀ mi ló tẹ́!”

Ìbídùn ni olórí ariwo wọn. Ọmọ ọmọ Ọdẹ́jìnmí ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọwọ́ rẹ̀ kì í dákẹ́ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kì í ti í dákẹ́ lọ́jà. Òun ló ń lé orin wọn:

Fọwọ́ kàn án wò o,
   Kàn án wò!
Ìròyìn ò tó àfojúbà,
   Kàn án wò!
Wọ́n ní òkúta ń fa irin,
   Kàn án wò!
Àgbà tó bá mọ̀ ọ́n, kó wá,
   Kàn án wò!

Ẹ gbè é dáadáa. Ó dára.

Lọ́jọ́ kan, Ìbídùn gbé abọ́ omi wá síwájú bàbá àgbà rẹ̀, ewé kékeré kan léfòó lórí omi náà, abẹ́rẹ́ sì wà lórí ewé.

“Bàbá àgbà, ẹ wá wò ó! Abẹ́rẹ́ yìí mọ̀nà. Àríwá ló máa ń kọjú sí.”

“Abẹ́rẹ́ wo ló mọ̀nà? Èmi tí mo mọ igbó bí ẹni mọ inú àpò ara rẹ̀?”

“Òòfà la fi rà á, Bàbá, òkúta tó ń fa irin yẹn. Ẹ fi òòfà ra abẹ́rẹ́ báyìí, láti ìdí dé orí. Bó bá dé orí, ẹ gbé ọwọ́ sókè, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ọ̀nà kan ṣoṣo o. Ẹ má lọ kí ẹ tún máa bọ̀. Bí ẹ bá ń lọ tí ẹ tún ń bọ̀, abẹ́rẹ́ á gbàgbé.”

“Gbé e kúrò níwájú mi kí n tó gbàgbé pé ọmọ mi ni ọ́.”

Ìbídùn gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ. Kò tíì dun Ọdẹ́jìnmí. Ohun tó dùn ún wá ní ọjọ́ kẹta, nígbà tó nawọ́ mú àdó ọdẹ rẹ̀ lára ògiri, àdó tí baba ńlá rẹ̀ fi ń lé iwin, tó rí i pé nǹkan funfun gùn jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìka òkú.

“Ta ló gbin ẹ̀wà sínú àdó mi?”

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ìbídùn ló dáhùn. “Àwa ni, Bàbá. A fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀wà lè hù nínú òkùnkùn. Ó mà hù o! Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ó funfun bí ìdin.”

“Nínú àdó! Àdó tí iwin ń sá fún!”

“Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, Bàbá, àfi aáyán kan. A sì gbé aáyán náà jáde jẹ́jẹ́.”

Àwọn mọ́kànlá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín! Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, ẹ̀rín ò ní pẹ́ tán.

Inú bí Ọdẹ́jìnmí, ó kọjá ààlà. Ó lọ gé màrìwò ọ̀pẹ tútù kan tó ní ewé méje. Ó so ìkarahun ìgbín mọ́ ọn, ó so ṣúkù àgbàdo, ó so àkísà pupa, ó sì gbé e kọ́ sókè tábìlì àwọn ọmọ. Ẹ mọ̀ ọ́n: ààlè ni, ohun tí a ń so sí oko kí olè lè bẹ̀rù. Àṣàbí rí i, ó fi ọwọ́ lérí.

“Ọkọ mi, olè là ń pààlè fún. Ta lolè nínú àwọn ọmọ yìí? A kì í pààlè lé ọmọ ẹni lórí.”

“Má dá mi lẹ́kun.” Ó wá gbé ohùn sókè, ohùn tó fi ń pe ẹranko lórúkọ: “Ẹni tó bá fọwọ́ kan ohunkóhun níhìn-ín, kí ọwọ́ rẹ̀ má mọ ohun tó ń kàn mọ́!”

Atẹ́gùn dúró. Ẹyẹ kan tó ń kọrin lórí igi ọsàn gé orin rẹ̀ sí méjì. Lọ́nà jíjìn, ẹnì kan dáhùn pé, “Mo gbọ́.” Ọdẹ́jìnmí rò pé aládùúgbò ni.

Ìbídùn kò sí nílé nígbà tí bàbá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ náà. Ó dé, ó lọ tààrà síbi tábìlì, ó fọwọ́ kan òòfà rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àṣàbí ń ro ẹ̀kọ. Ìkòkò ń hó lórí iná. Ó yíjú padà láti mú igbá, bó ṣe máa wẹ̀yìn, Ìbídùn ti fi ọwọ́ méjèèjì lásán gbé ìkòkò náà kalẹ̀. Ọmọ náà kò ké. Kò ta gìrì. Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti ń wú, tó ti ń pọ́n.

“Ìyá àgbà,” ó ní, ohùn rẹ̀ kéré, “mi ò mọ̀ pé ó gbóná. Ọwọ́ mi dà bí ọwọ́ ẹlòmíràn tí wọ́n so mọ́ mi lára.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, Àṣàbí ló ké. Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí Ọdẹ́jìnmí fi ju ìbọn tó ń nù sílẹ̀. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ kan ìka ọmọ náà, kò mọ̀. Wọ́n fi omi tútù, wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ. Kò mọ̀. Ọdẹ́jìnmí sáré wọ abẹ́ àtíbàbà láti tú ààlè rẹ̀, ṣùgbọ́n okùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so kò ní kókó mọ́. Ó yọ ọ̀bẹ, ọ̀bẹ ká. Ìkarahun ìgbín bá yí padà sí i bí ojú, ó sọ̀rọ̀.

“Ọdẹ́jìnmí, ìwọ lo so mí, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo ni mí mọ́. Ẹ̀mí ọwọ́ ọmọ rẹ wà lọ́dọ̀ Ọba Máfọwọ́kàn, ní àríwá, lẹ́yìn Igbó Ọ̀sán-dòru. Ewé méje ló wà lára mi. Ojoojúmọ́ ni ewé kan yóò máa gbẹ. Bí ìkeje bá gbẹ kí o tó dé, ọwọ́ náà di ti ọba títí láé.”

Ewé kìíní ti ń pọ́n bí ìbẹ́pẹ nígbà tó ń sọ̀rọ̀.

Ọdẹ́jìnmí wọ ẹ̀wù ọdẹ, ó gbé ìbọn, ó gbé àdó, ó gbé gbogbo ohun tó fi ń yangàn. Ìbídùn bá a lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀. Àpò kékeré kan tí wọ́n fi ọ̀rá ìrẹsì rán wà lọ́rùn rẹ̀, ó tẹrí ba kí bàbá àgbà rẹ̀ lè bọ́ ọ.

“Òòfà wà níbẹ̀, wọ́n ti bá mi so okùn mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Ẹyin kan wà nínú agolo, wọ́n ti fi òwú wé e. Bàbá àgbà, bí ẹ̀rù bá bà yín, ẹ má kàn gba ohun tí wọ́n bá sọ. Ẹ dán an wò.”

“Ẹyin? Kí ni kí ọdẹ máa fi ẹyin ṣe nínú igbó iwin?”

Ọmọ náà kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí gbé àpò náà kọ́ ọrùn, ó sì lọ. Ẹ bá mi wo akọni tí ẹfọ̀n ń yà fún, ó ń fi ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun kí ẹyin má bàa fọ́!

Èmi kì í sọ ìtàn ẹsẹ̀. Ibi tó dé ni mò ń sọ. Ó dé Igbó Ọ̀sán-dòru, níbi tí oòrùn kì í ti í yọjú, tí àwọn igi ń pàrọ̀ ààyè lẹ́yìn ẹni tó ń kọjá. Ó rìn láti àárọ̀, ó rìn di ọjọ́ kejì. Bó bá wẹ̀yìn, igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ti lọ jókòó síbòmíràn. Nígbà tó yá, ó rí ojú ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé èèyàn wà nítòsí. Iwin kan bá yọ lára igi, ẹnu rẹ̀ wà ní ìpàkọ́.

“Ọdẹ, níbo lò ń lọ?”

“Àríwá.”

“Níbo ni àríwá wà?”

Ọdẹ́jìnmí na ìka síwájú. Iwin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ń jáde lẹ́yìn orí rẹ̀.

“Ibẹ̀ náà lo nà sí lánàá. Ẹsẹ̀ ta nìyí lórí ẹrẹ̀?”

Ọdẹ́jìnmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Ẹsẹ̀ mi ni.”

“Èyí tó gorí ẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹsẹ̀ mi náà ni.”

“Ó di ẹ̀ẹ̀mẹfà tí o ti gba ibí kọjá. Bó bá di ìkeje, ẹsẹ̀ rẹ á ta gbòǹgbò. Wo àwọn igi wọ̀nyí dáadáa, bàbá ọdẹ.”

Ó wò wọ́n. Igi kan gbé ìbọn tó ti dípẹtà dání lẹ́ka. Òmíràn fi ìkòkò tábà há èèpo, èéfín tín-ín-rín kan sì ń rú jáde níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Ọ̀kan sunkún oje. Ẹsẹ̀ Ọdẹ́jìnmí ń yún un látàtẹ́lẹsẹ̀, bí ìgbà tí nǹkan fẹ́ hù níbẹ̀. Ó ké ọfọ̀: “Ọ̀nà kì í sọnù lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀!” Gbogbo igi dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Ó ti sọnù.” Ó gbọn àdó, èèhù ẹ̀wà kan bọ́ sílẹ̀. Ó yìnbọn, ìbọn sín bí ọmọ òkété, ó sọ ọ́ nù.

Bí ọ̀nà bá há, à á wẹ̀yìn wo ohun tí a ti fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ọdẹ́jìnmí rántí abẹ́rẹ́. Omi òjò kún ojú ẹsẹ̀ erin kan níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó já ewé, ó fi òòfà ra abẹ́rẹ́. Ó ń rà á lọ, ó ń rà á bọ̀, ó gbé e sórí ewé. Abẹ́rẹ́ sùn bí ọ̀lẹ. Iwin náà ń kàtẹ́wọ́. Gbòǹgbò àkọ́kọ́, tó rí bí irun, ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀.

Ohùn ọmọ kékeré kan bá dún létí rẹ̀: ọ̀nà kan ṣoṣo o, Bàbá. Bí ẹ bá ń lọ tí ẹ tún ń bọ̀, abẹ́rẹ́ á gbàgbé.

Ó tún un rà. Láti ìdí dé orí, ó gbé ọwọ́ sókè. Láti ìdí dé orí, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ṣe é nígbà ogójì. Ó gbé e sórí ewé. Ewé náà mì, ó rò ó wò, ó sì yí jẹ́jẹ́ bí àgbà tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó dúró. Ẹ̀yìn Ọdẹ́jìnmí gan-an ló kọjú sí, ibi tí ọdẹ ti rò pé ilé òun wà! Kò bá a jiyàn. Ó já gbòǹgbò kúrò lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dà, ó sì tẹ̀ lé abẹ́rẹ́. Igi tó bá ní òun fẹ́ pàrọ̀ ààyè, abẹ́rẹ́ kò wò ó lójú.

Ewé mẹ́ta ti gbẹ nílé nígbà tó dé Ìlú Wọ́n-ní. Ìlú tó dákẹ́ ni. Ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, gbogbo wọn ki ọwọ́ bọ abíyá. Ní àárín ìlú ni ìkòkò kan wà tó ga ju ilé lọ, ẹnu rẹ̀ yà sí òkè, ọ̀nà ààfin Ọba Máfọwọ́kàn sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí Ọdẹ́jìnmí ṣe sún mọ́ ọn, ìkòkò náà ké: HÙÙÙÙÙ! Ilẹ̀ mì. Àwọn ará ìlú dojú bolẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin tí kò dùn létí:

Wọ́n ní ó ń pani,
   Àwa ò rí i o.
Wọ́n ní ó ń jẹni,
   Àwa ò rí i o.
Ta ló wá sọ bẹ́ẹ̀?
   Àwọn ni, àwọn ni.

Baálẹ̀ wọn, bàbá arúgbó kan, fi ìgbọ̀nwọ́ ti Ọdẹ́jìnmí sẹ́yìn. “Àlejò, padà. Akéramúramù ń gbé inú ìkòkò yìí. Wọ́n ní ó gbé ọgọ́rin èèyàn mì.”

“Baba, ta ló rí i nígbà tó gbé wọn mì?”

“Wọ́n rí i.”

“Àwọn wo?”

“Àwọn tó sọ ọ́ fún wa. Bí o bá ta á jí tó bá jáde, àwa la máa jìyà ẹ̀. Nítorí náà, bí o bá fi ẹsẹ̀ kan sí i, a ó sọ ọ́ lókùúta pa.” Wọ́n sì ti ń fi ẹsẹ̀ yí òkúta jọ, torí wọn kì í lo ọwọ́.

Èmi ò ní purọ́ fún yín, Ọdẹ́jìnmí fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára. Iwájú, ohun tó ń ké. Ẹ̀yìn, òkúta. Ó dúró, ó ń làágùn. Bó ṣe dúró ló ṣàkíyèsí ohun kan: bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, aṣọ àwọn èèyàn á lẹ̀ mọ́ wọn lára, ìkòkò á ké. Bí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, aṣọ á wálẹ̀, ìkòkò á dákẹ́. Ó ka á lẹ́ẹ̀kan. Ó ka á lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn yẹn, ó ti gbọ́ ọ rí. Ohùn tí kì í jẹ́ kó sun oorun ọ̀sán ni!

“Baba, ṣé ẹ ti fẹnu fẹ́ ìgò òfìfo rí?”

“Wọ́n ní kò dára,” ni Baálẹ̀ wí.

Ọdẹ́jìnmí kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gun ìkòkò náà, wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá òkúta kan bà á ní ẹ̀yìn, òmíràn bà á ní orúnkún. Ó dé ẹnu rẹ̀. Òkùnkùn inú rẹ̀ ń wò ó bí ojú. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé: bó bá jẹ́ ẹranko ni, ó tán fún mi, ó tán fún ọwọ́ Ìbídùn. Ó di ojú, ó bọ́ ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, ó sì fi bo ẹnu ìkòkò. Afẹ́fẹ́ fẹ́. Ìkòkò kò sọ nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ tún fẹ́, ó le. Kẹ́kẹ́ pa.

Ọmọbìnrin kan yọ ọwọ́ kan lábíyá rẹ̀, ó fi ìka kan ìdí ìkòkò náà. “Amọ̀ ni,” ó wí. Ìyá rẹ̀ gbá a mú, ṣùgbọ́n ìyá náà ti fi ìka tirẹ̀ kàn án. Nígbà tí ọdẹ kọjá lọ láìní ẹ̀wù, kò sí ẹni tó gbá òkúta mọ́.

Ọjọ́ kẹrin ló dé ààfin. Ẹ sún mọ́ra yín. Ọba Máfọwọ́kàn jókòó lórí àga, ara rẹ̀ kìkì ààlè: ìkarahun, àkísà, ṣúkù, màrìwò gbígbẹ, láti orí dé ẹsẹ̀. Apá ẹ̀wù rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀, kò sí ọwọ́ nínú wọn. Àwọn òkúta tó dé fìlà, tó wé gèlè, dúró yí i ká. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, àwọn ìkarahun ara rẹ̀ ń kan ara wọn.

“Ọdẹ́jìnmí, alábàáṣiṣẹ́ mi, o káre! Èmi ò lè gba ọwọ́ ọmọ kankan àfi bí àgbà ilé rẹ̀ bá yọ̀ǹda. Ìwọ lo yọ̀ǹda. O ké é sókè, mo sì gbọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọdẹ́jìnmí lára ju òkúta lọ. Ó dọ̀bálẹ̀. “Kábíyèsí, mo wá gbà á padà.”

“Mu omi ná, kí a tó sọ̀rọ̀. Ìkòkò méjì nìyí. Omi odò wà nínú ọ̀kan. Omi ẹkún àwọn ọmọ tí mo gba ọwọ́ wọn wà nínú èkejì, ọdún pípẹ́ ni oòrùn ti ń fà á. Bí ètè rẹ bá kan ẹkún, o di òkúta bí àwọn yìí. Àánú rẹ ṣe mí, n ó sọ ọ́ fún ọ: èyí tó wà lọ́tùn-ún ni omi odò. Èmi ọba ni mo wí bẹ́ẹ̀.”

Àwọn òkúta tó dé fìlà ń wo Ọdẹ́jìnmí. Ọba kì í purọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sí ọ̀tún. Ó rí i pé ọ̀tún ni ọwọ́ gbogbo òkúta náà nà sí.

Ọwọ́ dúró. Omi ẹkún níyọ̀, oòrùn sì ń fa omi, kì í fa iyọ̀. Ó yọ agolo, ó tú òwú. Ẹyin náà kò fọ́! Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sínú ìkòkò ọ̀tún. Ẹyin léfòó, ó ń jó lórí omi. Ó yọ ọ́ pẹ̀lú ewé, ó sọ ọ́ sí ti òsì. Ẹyin rì, ó dún kó nísàlẹ̀.

“O fọwọ́ kàn án!” ni ọba pariwo.

“Kábíyèsí, ẹyin ló kàn án, èmi kọ́.” Ó sì mu omi ti òsì yó.

Inú bí ọba, ìkarahun ara rẹ̀ ń hó. Wọ́n yí akèrègbè ńlá kan jáde, ikùn rẹ̀ tó àká, ẹnu rẹ̀ kéré. Nǹkan ń ró nínú rẹ̀ bí òjò lórí ewé.

“Ẹ̀mí ọwọ́ igba ọmọ ló wà níbí. Yọ ti ọmọ tìrẹ. Ìgbà kan ṣoṣo. Bí o bá ṣì í yọ, tìrẹ á bá wọn gbé.”

Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà wí: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t’àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọdẹ́jìnmí tì í, ọwọ́ rẹ̀ kò wọlé. Ó fi ojú sí i, òkùnkùn ni. Ó pe Ìbídùn, gbogbo ọwọ́ inú rẹ̀ wárìrì, wọ́n sá sí ìsàlẹ̀, torí ohùn àgbà tó ké ló kó wọn débẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀. Ó gbìyànjú láti rántí bí ọwọ́ ọmọ náà ṣe rí, bóyá àpá kan wà níbẹ̀, bóyá ìka kan gùn. Kò mọ̀. Ọdún mẹ́wàá ni ọwọ́ náà ti ń gbé nǹkan wá síwájú rẹ̀, nǹkan náà ló ń lé lọ, kò wo ọwọ́ rí. Àwọn èèyàn mi, ọkùnrin náà sunkún. Ewé kẹrin ń pọ́n nílé.

Nígbà tó sunkún tán, ó ronú pé bí òun kò bá mọ bí ọwọ́ náà ṣe rí, òun mọ ohun tó máa ń ṣe. Ó di okùn òòfà mú, ó sọ òòfà àti abẹ́rẹ́ sínú akèrègbè, ó sì fi etí lé ẹnu rẹ̀. Kò pàṣẹ. Ó fi ohùn kékeré kọrin:

Fọwọ́ kàn án wò o...

Kò sí ẹni tó gbè é. Gbogbo ọwọ́ fà sẹ́yìn. Ó tún un kọ. Nǹkan kan rìn lórí òòfà. Àwọn ọwọ́ kan gbé abẹ́rẹ́, wọ́n ń rà á: ṣìn-ṣàn, ṣìn-ṣàn, ṣìn-ṣàn. Ọba rẹ́rìn-ín. “Fà á, alábàáṣiṣẹ́ mi! Ó ti mú un.”

Okùn ti le lọ́wọ́ ọdẹ. Ó kù díẹ̀ kó fà á. Ṣùgbọ́n ṣìn-ṣàn, lílọ àti bíbọ̀ nìyẹn. Kò fà á. Ó dúró, òógùn ń kán sínú akèrègbè. Ó gbọ́ tí ọwọ́ mìíràn gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn ti àkọ́kọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ́ aláìmọ̀kan.

Ṣìn. Ìdákẹ́jẹ́. Ṣìn. Ìdákẹ́jẹ́. Ṣìn.

“Ìbídùn!” Ó fà á.

Ọwọ́ kékeré méjì gun okùn jáde bí ẹ̀fúùfù tó wọ ibọ̀wọ́, wọ́n tutù, wọ́n mọ́lẹ̀ bí oṣùpá ọ̀sán. Wọ́n kó sínú àpò ọ̀rá ìrẹsì, wọ́n sì di òòfà mú ṣinṣin. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í kan ògiri akèrègbè látinú: kó, kó, kó.

“Àwọn wọ̀nyí ńkọ́, Kábíyèsí?”

“Ẹni tó so ààlè wọn, kó wá tú u.” Ọba yí ẹ̀yìn padà. Ọdẹ́jìnmí ń sáré lọ, kó, kó, kó náà sì ń tẹ̀ lé e dé ẹnu bodè.

Bó ṣe sáré, ẹ bi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ keje, ó já sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, láìní ẹ̀wù, láìní ìbọn. Ewé mẹ́fà ti gbẹ. Ìkeje ti pọ́n, àfi ṣóńṣó rẹ̀, bíńtín bí ojú abẹ́rẹ́, tó ṣì tutù. Àṣàbí àti Tíṣà àti àwọn ọmọ mẹ́wàá jókòó yí tábìlì ká, Ìbídùn wà láàárín wọn pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ di. Ọdẹ́jìnmí fò mọ́ ààlè, ó wá kókó rẹ̀. Kókó ti padà wá. Ó tú u, ó fi eyín já èyí tó le, ó tẹ ìkarahun ìgbín náà fọ́. Ó ṣí àpò. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi òòfà.

“Ìbídùn, ọmọ mi, ọwọ́ rẹ ńkọ́?”

Ọmọ náà tú aṣọ, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó mi orí. “Mi ò mọ̀, Bàbá.”

“O ò mọ̀?” Ọdẹ́jìnmí wólẹ̀ síbẹ̀. “O ò mọ̀...”

“Mi ò tíì dán an wò.”

Ó dìde, ó rìn lọ síbi àwo ẹ̀kọ tí Àṣàbí ṣẹ̀ṣẹ̀ bù, èéfín ń yọ lórí rẹ̀. Ó na ìka kan ṣoṣo. Ó fi kàn án.

“Yéè! Yéè, ó gbóná o!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ ń sunkún, gbogbo ilé ń jó! Tíṣà ju ẹfun sókè. Àṣàbí gbé ọmọ pọ̀n bí ọmọ ọwọ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá! Ọdẹ́jìnmí di ìka tó jóná náà mú, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wá ń wò ó, láti ìdí dé orí, láti ìdí dé orí, bí ẹni tó ń kọ́ ìwé.

Lọ́jọ́ kejì, ó jáde láti ilé dé ilé, ó ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ohun tí wọ́n ti ké lé ọmọ wọn lórí. Àwọn kan tú u. Àwọn kan ní àwọn ò so nǹkan kan.

Ibi tí mo bá a dé nìyí, ọ̀fun mi gbẹ. Kí ẹ tó lọ sílé, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ fi etí sí i. Ẹ gbọ́ ọ?

Kó. Kó. Kó.